Dian Fossey

Dian Fossey (ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1932 – ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1985) jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ó lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún méjìdínlógún tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀ láàárín àwọn ìnàkí ńlá tí a ń pè ní gọ̀rílà orí òkè, nínú igbó àwọn òkè Virunga ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà. Òun ni ó dá ibùdó ìwádìí Karisoke sílẹ̀ ní ọdún 1967. Òun náà ni ó dá Àpò Owó Digit sílẹ̀ ní ọdún 1978 láti máa fi gba àwọn ìnàkí náà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tí kò gba àṣẹ. Ìwé rẹ̀, Gorillas in the Mist, jáde ní ọdún 1983, ó sì di ìwé tí a mọ̀ káàkiri àgbáyé.

Fossey wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tí Louis Leakey, onímọ̀ nípa ìṣẹ̀dálẹ̀ ènìyàn, ràn lọ́wọ́ láti lọ máa gbé nítòsí àwọn ìnàkí nínú igbó wọn. Àwọn méjì yòókù ni Jane Goodall, tí ó ṣe ìwádìí lórí chimpanzee ní Tànsáníà, àti Biruté Galdikas, tí ó ṣe ìwádìí lórí orangutan ní Indonéṣíà.

Yàtọ̀ sí ìmọ̀ tí ó fi sílẹ̀, orúkọ Fossey so mọ́ àríyànjiyàn kan tí kò tíì tán láàárín àwọn tí ń dáàbò bo ẹranko igbó: nígbà tí aráyé bá dá owó jọ nítorí ẹranko kan, ta ni ó yẹ kí owó náà dé ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ wo ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ fi ṣe?

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú San Francisco ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n bí Dian Fossey sí. Bàbá rẹ̀, George Fossey, jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ìyá rẹ̀, Kathryn, tí wọ́n ń pè ní Kitty, a máa ṣe iṣẹ́ afẹwàṣọ̀ṣọ́ hàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Dian nígbà tí ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ túká. Ìyá rẹ̀ fẹ́ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Richard Price, ọwọ́ líle sì ni ọkọ ìyá yìí fi tọ́ ọmọ náà. Títí tí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọn kì í jẹ́ kí ó bá àwọn òbí rẹ̀ jókòó jẹun alẹ́ nídìí tábìlì kan náà. Ẹranko ni ó fi ṣe ọ̀rẹ́, pàápàá jù lọ ẹṣin, tí ó kọ́ bí a ṣe ń gùn láti kékeré.

Ó kọ́kọ́ gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ láti kọ́ nípa okòwò gẹ́gẹ́ bí ọkọ ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó kúrò, ó lọ sí Yunifásítì California ní Davis láti kọ́ ìmọ̀ tí yóò sọ ọ́ di oníṣègùn ẹranko. Kẹ́místrì àti físíìsì ni kò jẹ́ kí ó lè tẹ̀síwájú níbẹ̀. Ó wá lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì San Jose State, níbi tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń ran àwọn aláìsàn àti aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ kí wọ́n lè tún máa dá iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe. Ó gba oyè ní ọdún 1954. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky, tí ó sì di olórí ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Oko kan lẹ́yìn ìlú ni ó ń gbé, tí ó ń bá àwọn onílẹ̀ tọ́jú ẹran ọ̀sìn wọn.

Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ sí Áfíríkà

Ó ti pẹ́ tí Fossey ti ń fẹ́ rí Áfíríkà, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1963 ó yá nǹkan bí 8,000 dọ́là, iye tí ó tó owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ó sì forí lé Nairobi ní oṣù kẹsàn-án. Gbèsè yìí ni owó àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ná sórí iṣẹ́ tí yóò padà sọ ọ́ di olókìkí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ ẹ́, òun náà ni ó sì san án.

Nínú ìrìn-àjò yìí ni ó ti dé Àfonífojì Olduvai ní Tànsáníà, níbi tí Louis Leakey àti ìyàwó rẹ̀ Mary ti ń hú egungun àwọn ẹ̀dá àtijọ́ jáde. Ẹsẹ̀ rọ́ Fossey ní ibi ìwalẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èyí kò dá ìrìn-àjò rẹ̀ dúró. Láti ibẹ̀ ó gun òkè Mikeno ní Kóńgò, ó dé pápá Kabara. Joan àti Alan Root, tọkọtaya ayàwòrán láti Kẹ́ńyà, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ya àwọn ìnàkí orí òkè sínú fíìmù, àwọn ni wọ́n sì mú un wọ igbó lọ. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí àwọn ẹranko náà. Nígbà tí ó padà sí Louisville, ó kọ nípa ohun tí ó rí sínú ìwé ìròyìn ìlú náà, ó sì ń bá iṣẹ́ ilé ìwòsàn lọ kí ó lè san gbèsè rẹ̀ tán.

Louis Leakey àti owó ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà

Ní ọdún 1966 Leakey wá sọ̀rọ̀ ní gbangba ní Louisville. Fossey lọ bá a, ó sì fi àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa ìnàkí hàn án. Leakey ti ń wá ẹni tí yóò ṣe fún gọ̀rílà ohun tí Jane Goodall ń ṣe fún chimpanzee ní Gombe láti ọdún 1960. Fossey kò ní oyè kankan nínú ìmọ̀ nípa ẹranko, ṣùgbọ́n Leakey gbà pé sùúrù àti ìfaradà ṣe pàtàkì ju oyè lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Fossey lọ yọ ẹ̀yà ara kékeré tí ń bẹ lẹ́nu ìfun ńlá kúrò kí ó tó lọ, nítorí pé ibi tí ó ń lọ jìnnà sí ilé ìwòsàn. Fossey ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán kí lẹ́tà Leakey tó dé pé òun kàn fi dán ìpinnu rẹ̀ wò ni.

Leakey kò ní owó tirẹ̀ tí yóò fi bọ́ iṣẹ́ yìí. Bí ó ti ṣe fún Goodall, ó tọ Leighton Wilkie lọ, oníléeṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tí òun pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀ ní àjọ olóore kan, Wilkie sì yọ̀ǹda owó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ National Geographic náà dá sí i, ó sì wà lára àwọn tí ó ná owó jù lọ sórí iṣẹ́ Fossey ní ọ̀pọ̀ ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń rí gbà padà ni ìròyìn àti àwòrán fún àwọn tí ń ka ìwé rẹ̀. Irú àdéhùn yìí ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ni owó náà wà fún. Kò sí ẹni tí ó tíì ronú nígbà náà nípa ẹni tí yóò sanwó fún ìdáàbòbò àwọn ẹranko tí a ń wádìí.

Kabara àti ìdásílẹ̀ Karisoke

Fossey padà dé Áfíríkà ní ìparí ọdún 1966. Lẹ́yìn tí ó ti bẹ Goodall wò ní Gombe fún ọjọ́ díẹ̀, ó pàgọ́ sí Kabara ní oṣù kìíní ọdún 1967. Inú igbó tí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù dá sí ní ọdún 1925 ni Kabara wà, èyí tí ó jẹ́ igbó ọba àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. George Schaller ti ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní ọdún 1959 sí 1960. Sanwekwe, atọpasẹ̀ ẹranko tí ó bá Schaller ṣiṣẹ́, ni ó kọ́ Fossey bí a ṣe ń fi ewé títẹ̀, ìgbẹ́ àti ibùsùn àná mọ ọ̀nà tí ìnàkí gbà.

Iṣẹ́ náà kò pé oṣù méje tí ogun fi dé. Ní oṣù keje ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun gun òkè wá, wọ́n sì mú Fossey sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Rumangabo, níbi tí wọ́n ti há a mọ́. Ó fi ọgbọ́n àti owó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì sá wọ Ùgáńdà. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe padà sí Kóńgò mọ́.

Kò padà sí Amẹ́ríkà. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Rosamond Carr àti Alyette DeMunck, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ti pẹ́ ní agbègbè náà, ó wá ibòmíràn ní apá Rùwáńdà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, ó dá ibùdó tuntun sílẹ̀ láàárín òkè Karisimbi àti òkè Visoke. Láti ara orúkọ òkè méjèèjì ni ó ti ṣẹ̀dá orúkọ Karisoke. Ibùdó náà ga tó nǹkan bí 3,000 mítà sí òkun. Òjò àti kùrukùru kì í fẹ́ẹ̀ dá níbẹ̀. Àwọn ará agbègbè náà sọ Fossey ní Nyiramachabelli, ìyẹn obìnrin tí ó ń dá gbé lórí òkè.

Ìwádìí lórí àwọn ìnàkí

Ṣáájú ìgbà yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa gọ̀rílà kò ju ìtàn ọdẹ lọ: ẹranko tí ń bú ramúramù, tí ń lu àyà, tí ń pa ènìyàn. Fossey fi hàn pé ẹran pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, pé ewé, ọ̀mùnú ọparun àti èsìsì ni wọ́n ń jẹ, àti pé nínú agbo ẹbí ni wọ́n ń gbé. Akọ àgbà kan, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti di funfun bíi fàdákà, ni ó máa ń ṣe olórí agbo. Fossey a máa rákò wọ àárín wọn, a máa fara wé ìró wọn àti bí wọ́n ṣe ń họra, a sì máa ṣe bí ẹni tí ń jẹ ewé, títí tí wọ́n fi fi ara mọ́ ọn. Àwòrán ihò imú wọn, tí ti ẹnì kan kò jọ ti èkejì, ni ó fi ń dá wọn mọ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìnàkí, èyí tí Bob Campbell yà, wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn National Geographic. Láàárín àkókò yìí ni ó ń lọ sí Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Robert Hinde, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Oyè yìí ṣe pàtàkì fún un, nítorí láìsí i, ó ṣòro kí àwọn tí ń fi owó ṣe ìrànwọ́ tó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Igbó tí ń dín kù

Bí Fossey ti ń mọ àwọn ìnàkí sí i ni ibi tí wọ́n ń gbé ń kéré sí i. Ilẹ̀ Rùwáńdà kò tóbi, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Oko ti gun òkè títí dé etí igbó. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n gé nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún igbó ọba náà kúrò láti fi gbin òdòdó pyrethrum, tí wọ́n ń fi ṣe oògùn apakòkòrò fún títà sí òkè òkun. Owó ìrànwọ́ ilẹ̀ Yúróòpù wà lẹ́yìn ètò náà. Owó tí a pè ní ìrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀ ni ó gba ilé lọ́wọ́ àwọn ẹranko.

Àwọn darandaran ń da màlúù wọnú igbó, àwọn ọdẹ sì ń dẹ pàkúté okùn àti wáyà fún ẹtu àti ìgalà. Ìnàkí tí ó bá ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ lè ti ibi egbò kú. Àwọn mìíràn ń wá ọmọ ìnàkí láti tà fún ọgbà ẹranko ní òkè òkun. Kí wọ́n tó rí ọmọ kan mú, wọn a pa àwọn àgbà tí ó bá dúró jà fún un. Ní ọdún 1969 wọ́n gbé ọmọ ìnàkí méjì, Coco àti Pucker, wá fún Fossey ní àìlera. Ó tọ́jú wọn títí ara wọn fi le, lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko ìlú Cologne ní Jámánì. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì kú sí ní ọdún 1978.

Schaller ti fojú bu iye gọ̀rílà tí ó wà ní àwọn òkè Virunga sí nǹkan bí 450 ní ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní ọdún 1981, nǹkan bí 250 péré ni ó kù.

Ikú Digit àti Àpò Owó Digit

Láàárín gbogbo ìnàkí tí Fossey mọ̀, akọ kan tí ó ń jẹ́ Digit ni ó sún mọ́ ọn jù. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kan tí ó ti ní àbùkù ni ó fi gba orúkọ náà. Láti kékeré ni Fossey ti mọ̀ ọ́n. Ìjọba Rùwáńdà ti fi àwòrán rẹ̀ sára ìwé ìpolówó láti pe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wá sí orílẹ̀-èdè náà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1977, àwọn ọdẹ àti ajá wọn já lu agbo rẹ̀. Digit dúró kò wọ́n lójú títí àwọn yòókù fi sá lọ. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún un pa, wọ́n sì gé orí àti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ian Redmond, akẹ́kọ̀ọ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Karisoke, ni ó rí òkú rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1978. Ní oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n tún yìnbọn pa Uncle Bert, olórí agbo náà, àti Macho, abo kan tí ó ní ọmọ lọ́wọ́.

Fossey rò ó jinlẹ̀ bóyá kí òun kéde ikú Digit tàbí kí òun pa á mọ́ra. Ẹ̀rù rẹ̀ ni pé ariwo yóò fa owó rẹpẹtẹ wá, tí owó náà yóò sì parí sí ọ́fíìsì àti ọkọ̀ láìdé inú igbó. Níkẹyìn ó kéde rẹ̀. Ìròyìn náà dé orí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà. Fossey sì dá Àpò Owó Digit sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìrànwọ́ lè fi owó ránṣẹ́ tààrà.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó fẹ́ kí owó yìí ṣe: kí ó san owó iṣẹ́, bàtà, aṣọ òjò àti oúnjẹ àwọn ọmọ Rùwáńdà tí yóò máa rin igbó lójoojúmọ́, tí wọn yóò máa já pàkúté, tí wọn yóò sì máa lé àwọn ọdẹ. Ní oṣù mẹ́rin nínú ọdún 1979, ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin péré tí ó gbà síṣẹ́ ba pàkúté 987 jẹ́.

Àríyànjiyàn lórí owó àti àjọṣepọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978 kan náà, David Attenborough wá sí Karisoke láti ya àwọn ìnàkí fún ètò tẹlifíṣàn Life on Earth. Ó bá Fossey nínú ọ̀fọ̀ àti àìsàn. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rọ Ẹgbẹ́ Fauna Preservation láti gba ọ̀ràn náà kanrí, àwọn ará ìlú sì dá owó jọ. Láti inú èyí ni àjọṣepọ̀ kan ti jáde ní ọdún 1979 tí wọ́n pè ní Mountain Gorilla Project. Ẹgbẹ́ Fauna Preservation, àjọ WWF àti àjọ African Wildlife Leadership Foundation ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ọ́fíìsì ìjọba Rùwáńdà tí ó ń bójú tó igbó ọba.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ètò náà dúró lé: kí a fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba ní irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́, kí a kọ́ àwọn ará abúlé àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nípa ìwúlò igbó, pàápàá bí ó ṣe ń dá omi dúró fún oko wọn, kí a sì jẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sanwó láti wo àwọn ìnàkí. Amy Vedder àti Bill Weber, tọkọtaya ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti bá Fossey ṣiṣẹ́, ni wọ́n wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ àti ìrìn-àjò afẹ́. Ìjọba ń gbèrò nígbà náà láti gé apá mìíràn nínú igbó náà fún màlúù. Tọkọtaya yìí ní láti fi hàn pé ìnàkí lè mú owó wọlé fún orílẹ̀-èdè ju màlúù lọ, àti pé owó náà kò ní tán.

Fossey kò fara mọ́ ọn. Ó ní àrùn ènìyàn lè ran ìnàkí, àti pé ẹranko tí kò bẹ̀rù ènìyàn mọ́ kò ní bẹ̀rù ọdẹ. Ó gbà pé ẹ̀kọ́ àti ìrìn-àjò afẹ́ yóò pẹ́ kí wọ́n tó so èso, nígbà tí pàkúté ń pa ẹran lónìí. Ó tún dùn ún pé owó tí ikú Digit mú kí aráyé dá jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọwọ́ àjọ ńlá lọ, tí kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀.

Àwọn tí ó wà ní ìhà kejì náà ní ẹ̀rí tiwọn. Wọ́n ní ilẹ̀ Rùwáńdà ni igbó náà, pé kò sí ìdáàbòbò tí yóò tọ́jọ́ tí ìjọba àti àwọn ará abúlé kò bá ní èrè níbẹ̀, àti pé ọ̀nà tí Fossey ń gbà bá àwọn ènìyàn lò ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Fossey a máa mú àwọn ọdẹ, a máa ba ohun ìní wọn jẹ́, a máa fi èsìsì nà wọ́n, a sì máa díbọ́n bí àjẹ́ láti dẹ́rù bà wọ́n. Ó tún máa ń yìnbọn pa màlúù tí ó bá wọ igbó. Nínú àwọn tí ó ń lé wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ òtòṣì tí ebi ń pa.

Ìwé rẹ̀ àti ìpadàbọ̀ sí Karisoke

Ní ọdún 1980 Fossey lọ sí Yunifásítì Cornell ní ìpínlẹ̀ New York gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àlejò. Ara rẹ̀ kò le mọ́. Sìgá mímu àti òtútù orí òkè ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti kọ Gorillas in the Mist. Ó padà sí Karisoke ní ọdún 1983, ó sì ń ná lára owó ìwé náà sórí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, nítorí pé owó ìrànwọ́ láti òkèèrè ti dín kù.

Ikú rẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1985, wọ́n bá òkú Fossey nínú ilé rẹ̀ ní Karisoke. Àdá ni wọ́n fi ṣá a pa ní òru. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Owó tí ó wà nínú ilé kò sọnù, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kì í ṣe olè ni ó pa á. Ilé-ẹjọ́ ní Rùwáńdà dá akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́bi lẹ́yìn tí ó ti kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ó sẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ ọ̀ràn náà kò sì gba ìdájọ́ náà gbọ́. Títí di òní, a kò fi ìdí ẹni tí ó pa Fossey múlẹ̀. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Digit, ní itẹ́ tí ó ti ṣe fún àwọn ìnàkí tí wọ́n pa.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Fossey fi ìwé ìhágún kan sílẹ̀ tí ó fi dúkìá rẹ̀ fún Àpò Owó Digit. Ìyá rẹ̀ pe ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ New York sì dájọ́ ní ọdún 1988 pé ìwé náà kò ju àkọsílẹ̀ tí kò tíì parí lọ. Owó tí ìwé àti fíìmù rẹ̀ pa di ti ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpò tí ó dá sílẹ̀ fi ní láti máa dúró lórí ìtọrẹ àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1992 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Dian Fossey Gorilla Fund International.

Mountain Gorilla Project náà kò parẹ́. Ní ọdún 1991 àwọn àjọ tí ó wà nídìí rẹ̀ sọ ọ́ di International Gorilla Conservation Programme, tí ó da iṣẹ́ Rùwáńdà, Ùgáńdà àti Kóńgò pọ̀, nítorí ìnàkí kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Nígbà ìpẹ̀yàrun ọdún 1994 àti ogun tí ó tẹ̀lé e, wọ́n ba ibùdó Karisoke jẹ́. Iṣẹ́ náà kó lọ sí ìlú Ruhengeri, tí ń jẹ́ Musanze lónìí. Ní ọdún 2022, wọ́n ṣí ibùdó tuntun ní Kinigi, lára owó tí wọ́n fi kọ́ ọ sì ni ẹ̀bùn Ellen DeGeneres, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà.

Láti ọdún 2005, Rùwáńdà ti ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn igbó ọba rẹ̀ ń pa fún àwọn abúlé tí ó yí wọn ká. Ní ọdún 2017 wọ́n sọ ọ́ di ìdá mẹ́wàá, wọ́n sì gbé owó ìwé àṣẹ láti wo ìnàkí fún wákàtí kan láti 750 dé 1,500 dọ́là. Láti ọdún 2005 náà ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Kwita Izina lọ́dọọdún, níbi tí wọ́n ti ń sọ àwọn ọmọ ìnàkí lórúkọ.

Ìkà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 sí 2016 fi hàn pé gọ̀rílà òkè Virunga ti di 604. Pẹ̀lú àwọn tí ó wà ní igbó Bwindi ní Ùgáńdà, gbogbo wọn jẹ́ 1,063. Ní ọdún 2018, àjọ IUCN mú wọn kúrò ní ipò àwọn ẹranko tí ó wà ní bèbè ìparun, ó fi wọ́n sí ipò tí ó rọjú díẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé àwọn agbo tí ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pọ̀ sí i, nígbà tí àwọn tí a kò tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀ ń dín kù. Owó tí ń san iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí sì ń ti ọwọ́ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ àti àwọn olùtọrẹ wá. Ọ̀nà Fossey àti ọ̀nà tí ó kọ̀ ni wọ́n jọ mú àwọn ìnàkí náà dé òní.

Bí a ṣe ń rántí rẹ̀

Ní ọdún 1987 Farley Mowat, òǹkọ̀wé ọmọ Kánádà, kọ ìtàn ìgbésí ayé Fossey. Ní ọdún 1988 wọ́n ṣe fíìmù tí ó jẹ́ orúkọ ìwé rẹ̀, èyí tí Michael Apted darí. Sigourney Weaver ni ó ṣe Fossey nínú rẹ̀, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí ó tọ́ sí ẹ̀bùn Oscar. Lẹ́yìn náà, Weaver di alága ọlọ́lá fún àjọ tí Fossey dá sílẹ̀. Àwọn àlejò ṣì máa ń gun òkè lọ sí ibi tí Karisoke àtijọ́ wà, láti wo ibojì Fossey àti ti àwọn ìnàkí rẹ̀.